Níbo Ni Ọ̀dà Yòókù Ń Gbà Lọ?

“Mọ́mì, ìbọn yìí kì í fi ọ̀dà ṣòfò rárá.” Ohun tí ọmọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ ní Gẹ́ẹ̀tì, n'Íbàdàn, fi polówó ọjà rẹ̀ fún mi nìyẹn. Mo ń wá ohun tí a ó fi kun katakata kékeré tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, Massey Ferguson 35 tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ pupa ara rẹ̀ tán. Ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ kí a ti kùn ún. Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé mi délé. Bí ìbọn kan kì í bá fi ọ̀dà ṣòfò, a jẹ́ pé òmíràn ń fi í ṣòfò. Èyí tó ṣòfò ńkọ́? Níbo ló ń gbà lọ?

Ìbọn ọ̀dà àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ọkọ̀ ṣì ń lò, afẹ́fẹ́ líle ló fi ń fọ́ ọ̀dà yángá. Ọ̀dà á sáré kọlu irin, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ta padà. Nígbà mìíràn, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tí wọ́n ń pè ní HVLP yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kò le, agbára rẹ̀ kì í ju psi 10 lọ lẹ́nu ìbọn, ohun tí wọ́n sì ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ ohun tí à ń kùn.

Ó ń mu afẹ́fẹ́ o. Ó lè gbà tó CFM (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan) 10 sí 15, bẹ́ẹ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré tí à ń gbé sílé kì í sábà pèsè tó ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ má wo bí táǹkì ṣe tóbi. Iye afẹ́fẹ́ tó ń pèsè láàárín ìṣẹ́jú kan ni kó wò. Irú HVLP kan tún wà tó gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ dání, tí kò nílò kọ̀mpírẹ́sọ̀. Atẹ́gùn tirẹ̀ gbóná, ó sì gbẹ, omi kì í bá ọ̀dà jáde. Èyí ló wù mí.

Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 35 ṣì kù.

Bọ̀ọ̀dá Pẹ́ńtà ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yìn ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Á so áńkáṣíìfù mọ́ imú, á máa fọ́n ọ̀dà sára Peugeot 504, kùrukùru pupa á sì bo ewé ẹ̀gẹ́ àti aṣọ tí ìyá mi sá. Ìyá mi á pariwo, Bọ̀ọ̀dá á bẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣíwọ́, á rán mi lọ ra mílíìkì alágolo. Ó ní mílíìkì ló ń fọ májèlé ọ̀dà kúrò lára. Títí dòní, ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà gbà bẹ́ẹ̀. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀dà wà. Lóru, a máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá wa. Ìyá mi bínú nítorí aṣọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bínú nítorí àyà Bọ̀ọ̀dá.

Nígbà tí mo ń wádìí ibi tí ìbọn ọ̀dà ti wá, mo rí i kà pé oníṣègùn imú àti ọ̀fun kan ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Allen DeVilbiss, ló ṣe ohun kékeré kan tó ń fọ́n oògùn sí ọ̀fun àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Thomas, ló sọ ọgbọ́n náà di ìbọn ọ̀dà ní 1907. N kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìtàn yìí. Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́ kúnná báyẹn, kó lè dé ibi tí ọwọ́ kò lè dé nínú ara. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀dà ń gbà wọlé, áńkáṣíìfù kò sì lè dá a dúró. Ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà (ohun tó ń mú kí ọ̀dà le) mọ́ ló burú jù, nítorí isocyanate tó wà nínú hádínà lè fa ikọ́ fée (asthma) tí kì í lọ mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ kíún lè sé èémí rẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní fi ọ̀dà oníhádínà kun katakata wa. Búrọ́ọ̀ṣì la ó fi kun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mọ́dígáàdì nìkan la ó fọ́n, ní gbangba, pẹ̀lú ìbòmú tó ní agolo èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Owó ìbòmú yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí n tó na kọ́bọ̀ lé ìbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe pẹ́ńtà wá sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò ìbòmú mọ́ owó ọ̀dà. Ẹ má fún un lówó mílíìkì.