Àwọn Tí Ń Gbé Ní Ìdí Òkè Oníná

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn kan wà ní ìtòsí wa tí iná ti wà lórí òrùlé wọn láti ayé àwọn baba ńlá wọn, síbẹ̀ tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jí, tí wọ́n sì ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ni àwọn Bakweri, tí ń gbé ní ìdí òkè Kamẹrúùnù.

Òkè yìí ga ju 4,000 mítà lọ. Bí a bá to òkè Ìdánrè mẹ́ta léra wọn, wọn kò ní í tó o. Òkúta Olúmọ àti ti Ìdánrè ti tutù láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ti Kamẹrúùnù kò tíì tutù. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òkúta gbígbóná ń yọ́ bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá yọ́ irin. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ òkè á là, iná á sì tú jáde. Ó tú jáde ní 1922, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, àwa mẹ́fà, tíṣà mẹ́ta àti oníṣòwò mẹ́ta, lọ wò ó láti ìlú Limbe. Alfred Saker, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni ó tẹ ìlú náà dó ní etí òkun ní 1858. Victoria ni à ń pè é títí di 1982. Àwọn àgbà yóò rántí orúkọ yẹn, nítorí pé lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Nàìjíríà ni wọ́n ṣàkóso ìhà ibẹ̀ pọ̀ títí di 1960. Iyanrìn etí òkun rẹ̀ dúdú bí ẹ̀tù ìbọn, nítorí ara òkè náà ni ó ti wá.

Ẹni tí yóò gun òkè náà dé orí yóò lò tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọjọ́ kan péré ni àwa ní. Nítorí náà, amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ Pijin dáadáa, fi mọ́tò gbé wa lọ sí abúlé Bakingili, níbi tí iná 1999 ti sọ̀ kalẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí a fi débẹ̀.

Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Láàárín oko ọ̀pẹ tútù yọ̀yọ̀, ọ̀nà dúdú fífẹ̀ kan ti orí òkè wá bí odò. Òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ó rí gẹ́lẹ́ bí ìdàrọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń dà nù, ó sì mú bí àfọ́kù ìgò. Amọ̀nà wa sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.” Ihò wà lábẹ́ àwọn ibòmíràn, òkúta tí ó dà bí ẹni pé ó dúró a sì máa yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ìdí nìyí tí kì í fi í kó èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1999 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ mì, ilé sán ní ìlú Buea, iná sì ń ṣàn bọ̀. Kò yára, ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn lè sá fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè dá a dúró. Ní àárín oṣù kẹrin, ó gé ọ̀nà Limbe sí Idenau. Wọ́n ti kó àwọn ará Bakingili kúrò. Nígbà tí ó ku nǹkan bí 200 mítà kí ó dé òkun, ó dúró.

Ìyá aláṣọ kan nínú wa bi amọ̀nà pé, “Ọmọ mi, èéṣe tí wọ́n tún fi padà síbẹ̀?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ dúdú ní etí oko, ó fi hàn wá. “Ìyá, eérú òkè ni èyí. Ohunkóhun tí a bá gbìn sínú rẹ̀ ni ó ń ta. Ibojì àwọn baba wa náà sì wà níbí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mì, a ó kó ọmọ wa, a ó jáde. Bí ó bá tutù, a ó padà.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Erùpẹ̀ yẹn ni ó mú kí àwọn ará Jámánì dá oko ńláńlá síbẹ̀ nígbà ayé wọn. Àwọn àgbà Bakweri sọ pé Epasa Moto ni ó ni òkè náà, pé apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, apá kejì sì jẹ́ òkúta. Ẹni tí ó ti rí bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ń bọ Olúmọ kò ní í fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Lórí òkúta 1999 pàápàá, ewéko kéékèèké ti ń hù láàárín ìsán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nítorí pé òjò ìhà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí ó wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, kí ó gbé omi dání, kí ó má sì lọ láìní amọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá àlàáfíà wà, nítorí pé láti 2017 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àti àwọn tí ń fẹ́ ìjọba tiwọn ti ń jà ní ìhà ibẹ̀. Iná òkè a máa mi ilẹ̀ kí ó tó dé. Ìbọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.