Igún tó kún Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ibo ló wọlé sí?

Ẹni tó bá rò pé èèyàn àti mọ́tò nìkan ló ń gbé Ìbàdàn, kó tètè jí lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ariwo ọ̀kadà tó bẹ̀rẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ láti inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Bódìjà. Kó má sáré o. Kó kàn máa gbójú sókè.

Àwọn ẹ̀gà ló máa kọ́kọ́ kí i káàárọ̀. Ọ̀pẹ tó bá rí tí imọ̀ rẹ̀ ti fàya jákujàku, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Wọ́n á ya ewé náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi hun ilé tó ń mì dirodiro. Akọ ló ń kọ́lé, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá rẹ́ni gbà á, akọ fúnra rẹ̀ á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ká ní bí àwọn lánlọ́ọ̀dù wa ṣe ń ṣe nìyẹn, ayálégbé ìbá sinmi!

Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, lékeléke á wà lórí pápá, wọ́n á máa ṣa kòkòrò jẹ lẹ́sẹ̀ màlúù. Àwòdì náà á máa rá bàbà lókè, kí onídìẹ ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n tó bá dé Bódìjà, ẹyẹ kan wà tó yẹ kó rí tí kò ní rí. Igún ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Ìbàdàn. Níbi tí odò ẹran bá wà, igún á wà níbẹ̀, orí pípá, ojú pupa, ìyẹ́ dúdú bí aṣọ tí wọn ò fọ̀ láti èṣí. Orí páànù ni wọ́n ń bà sí, ààtàn ni ilé oúnjẹ wọn, ẹnikẹ́ni kì í lé wọn. Òkú ẹran àti ìdọ̀tí tó ń mú àìsàn wá, àwọn ló ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́, wọn ò sì gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kankan.

Ohun tó dun èèyàn ni pé èèwọ̀ ni Yorùbá ka pípa igún sí. Àmọ́ ẹ dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ewé àti egbò, ẹ ó rí i tí wọ́n ń ta orí ẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹni tó ń wá àwúre ń rà á, ẹni tó ń wá ìsọ́ra ń rà á. Àwọn tó ń pa á ń fi májèlé sínú ẹran fún un jẹ. Bẹ́ẹ̀ ẹyin kan ṣoṣo ni igún máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe adìẹ o.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Láàárín ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa ní Guinea-Bissau, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 2015, àjọ IUCN tó ń ka iye ẹran igbó lágbàáyé ti gbé igún yìí sí ìpele tó ṣáájú píparun pátápátá nínú igbó.

Ní Íńdíà, irú igún tiwọn ló kọ́kọ́ lọ, láti àwọn ọdún 1990. Diclofenac, oògùn ara ríro tó wà ní kẹ́mísì wa níbí, ni wọ́n ń fún màlúù, igún tó bá sì jẹ òkú màlúù náà á kú. Kí ìjọba ibẹ̀ tó fòfin dè é fún ẹran ní 2006, òkú màlúù ti ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ti di púpọ̀, ẹ̀rù àrùn dìgbòlugi sì ń ba aráàlú.

Ní Bódìjà láàárọ̀ Sátidé, ajá ló ń tú ààtàn báyìí. Òrùlé páànù òkè wọn ṣófo.