Fáìlì Aláùsá Kò Mọ Tíṣà

Ọdún 1954 ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dáódù, fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, ipò tó ti wà láti 1932. Ọdún tó tẹ̀lé e ló papòdà. Orúkọ rẹ̀ kò parun di òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìkan ló gbé e ró. Wole Soyinka kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Aké tó jáde lọ́dún 1981. Ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1931, kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ kó fo Dáódù. Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn di ẹni tí ayé mọ̀. Ìlú tó ti ṣiṣẹ́ náà kò sì tú ká: ọmọ ẹni tó jókòó ní kíláàsì rẹ̀ ṣì lè máa gbé nítòsí ọmọ ẹni tó jókòó tì í.

Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn síbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì yarí pé iye náà kéré jù. Ayálégbé pọ̀ nínú wọn. Bí lánlọ́ọ̀dù bá fowó kún owó ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n á kó lọ sí Ìgàndó. Tó bá dọdún mìíràn, ẹ óò gbọ́ pé Ọ̀tà ni wọ́n wà. Tíṣà tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní Ìkòtún ti kọ́ ọmọ àwọn tí kò mọ ara wọn rí, tí wọn kò sì ní pàdé mọ́. Òun pàápàá lè gba Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì lọ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Ìfẹ́ wà o, ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àkọsílẹ̀ ni kí á fi rántí tíṣà níbí, kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó ṣì wà láàyè. Log book tó jẹ́ dandan fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Dípò ìlà kan tó ní ẹni báyìí fẹ̀yìn tì, kó gba ojú ìwé mẹ́ta: iṣẹ́ tó kọ́, ohun tó dá sílẹ̀, ọgbọ́n tó ń dá sí ọmọ tí ìṣirò ń bà lẹ́rù.

Àwọn kan á ní owó ìfẹ̀yìntì ni tíṣà ń wá, kì í ṣe ìwé. Wọn kò parọ́. Láti 2007 tí Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dáwó sí, ẹ̀tọ́ ni owó náà, ìyìn kankan kò sì gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo fáìlì tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ní Aláùsá, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó: ó mọ ọjọ́ tí wọ́n gba tíṣà síṣẹ́, ó mọ ìpele owó oṣù rẹ̀, kò mọ ọmọ kan ṣoṣo tó kọ́ níwèé kíkà. Àwọn mìíràn á ní a ní oríkì. Oríkì ìdílé ni; yóò ki baba ńlá rẹ̀, kò ní dárúkọ Primary 4. Ìwé ètò ìsìnkú pàápàá, fọ́tò aṣọ ẹbí ló máa ń kún inú rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé kì í ṣe gbogbo tíṣà ló dára, pé irọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò kún fún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí a bá dúró di ìgbà ìsìnkú, tí ẹnu gbogbo ènìyàn máa ń dùn. Fela, ọmọ Dáódù, kò fi pàṣán bàbá rẹ̀ pamọ́ fún ayé, síbẹ̀ iyì Dáódù kò dínkù. Ẹni tó bá ṣì wà láàyè lè jiyàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹgba lè sọ tirẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á sì kọ méjèèjì sílẹ̀.