Orúkọ Lára Idẹ

Nígbà tí mo wọṣẹ́, ife-ẹ̀yẹ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé relé kó lọ gbé e ka orí tẹlifíṣọ̀n. Ti gbogbo àwọn tó ń díje ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tó bá borí lọ́dún yìí yóò gbé e, yóò tọ́jú rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo, yóò sì dá a padà kí ìdíje mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kó tó dá a padà, yóò gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sápọ́n, ní Abẹ́òkúta, kí á kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ohun tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe nìyẹn: kíkọ orúkọ àwọn tó borí, àwọn tó kọ́lé, àwọn tó fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ti sùn, sára idẹ, sára igi àti sára òkúta.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo ka ìwé mẹ́fà tán. Bàbá mi gbé ọtí àti obì lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ṣe àdéhùn, nígbà tó di ọjọ́ kejì mo ti ń gbá ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tuntun fọwọ́ kan idẹ. Wọn á kọ́kọ́ rán ọ lọ wo òkúta. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, wọn á ní kí á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, kí á lọ wo àwọn òkúta ìrántí ibẹ̀. Bí a bá kúrò níbẹ̀, kí á yà sí Centenary Hall tí àwọn Ẹ̀gbá kọ́ ní 1930, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn baba wa wá sábẹ́ àpáta Olúmọ. Kí la ní kí á wò? Àlàfo ni. Bí A bá tẹ̀lé V, ó yẹ kí á fà wọ́n súnmọ́ra, torí pé àwọn méjèèjì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì máa ń fi àyè ṣófo sáàárín. Bí I bá tẹ̀lé L, ó yẹ kí á jẹ́ kí wọ́n mí díẹ̀. Ẹni tó bá fi rúlà wọn àlàfo lẹ́tà láìfi ojú wò ó, iṣẹ́ rẹ̀ á dọ́gba lórí ìwé, á sì wọ́ lójú ẹni tó ń kà á.

Àwọn Ẹ̀gbá ti mọ iyì ohun tí a kọ sílẹ̀ tipẹ́. Ìlú wa níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwọn asudẹ sì ti wà ṣáájú ìyẹn. Ìda oyin ni wọ́n fi ń mọ ẹdan Ògbóni. Wọn á fi amọ̀ bò ó, wọn á fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọn á wá da idẹ gbígbóná sí àyè tó fi sílẹ̀. Ìda yẹn náà ni ọ̀gá wa fi ń kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò rí i rí. A ó gé idẹ pẹlẹbẹ, a ó fi sáńpépà pa á lójú, a ó yá a lórí èédú díẹ̀, a ó sì fi ìda ra á títí yóò fi tẹ́jú. Bó bá tutù tán, a ó fa ìlà, a ó wá fi abẹ́rẹ́ irin ha lẹ́tà sínú ìda náà títí idẹ yóò fi yọjú. Bí ọwọ́ rẹ bá yẹ̀ níbí, o ṣì lè fi ìda dí i. A ó fi ìda mọ bèbè kékeré yí etí rẹ̀ ká, a ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí èéfín, a ó wá da ásíìdì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò lé e lórí, èyí tí a ti fi omi là. Omi là ń kọ́kọ́ bù, kí á tó máa rọra kán ásíìdì sínú rẹ̀; ẹni tó bá yí i padà ń wá ìjàǹbá. Yóò máa hó wúyẹ́wúyẹ́. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń gbá ìfófòó kúrò lójú lẹ́tà, torí ibi tí ìfófòó bá dúró sí, ásíìdì kò ní jẹ ibẹ̀ dọ́gba. Bó bá ti jẹ ẹ́ tó, a ó fi omi ṣàn án, a ó yọ ìda, a ó fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo ojú rẹ̀, a ó nu ti òkè kúrò kí ti inú lẹ́tà nìkan ṣẹ́kù. Brasso ló máa ń kẹ́yìn.

Ife fàdákà yàtọ̀. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ń ra àwọn wọ̀nyẹn wá, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ ara irin funfun, ásíìdì kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ọwọ́ la fi ń fín in. Irin ìfín náà kúrú, ẹnu rẹ̀ mú, ìdí rẹ̀ rí roboto kó lè jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún di irin mú, ọwọ́ òsì ló ń yí ife. Ẹni tó bá ń yí irin dípò ife, kò ní kọ lẹ́tà O tó dáa láéláé.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló máa ń fún ṣọ́ọ̀bù wa ní ariwo jù. Abẹ́òkúta Grammar School ti wà láti 1908, Baptist Boys' High School láti 1923, ìfigagbága tó wà láàárín wọn kò sì kéré. Ní àsìkò Grier Cup, eré sísá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá gbé apata onígi wá, èyí tí a kan idẹ kéékèèké mọ́ yíká, wọn kì í kọ́kọ́ wo ibi tí orúkọ tiwọn yóò wà. Orúkọ àwọn tó ti lọ ṣáájú ni wọ́n ń kà. Mo rí ọmọ kan tó bá orúkọ bàbá rẹ̀ pàdé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sáré jù lọ́dún tirẹ̀. Ó dákẹ́, ó fi ìka pa á, ó sì bi ọ̀gá wa bóyá àwọn ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ni.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì 1976, iṣẹ́ bo wá mọ́lẹ̀. Kò sí ilé tí wọ́n ṣí láìsí òkúta ìpìlẹ̀ àti pátákó. Orúkọ gómìnà, orúkọ kọmíṣọ́nnà, orúkọ kọngílá, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Mo máa ń bi àwọn tó bá gbé iṣẹ́ wá pé orúkọ àwọn birikilà ńkọ́. Wọn kì í dá mi lóhùn. Ó ṣì ń dùn mí dòní, nítorí nínú ìlú tí òkúta pọ̀ tó báyìí, ó yẹ kí àyè wà fún wọn.

Àsìkò yẹn ni a ra ẹ̀rọ ìfín tó ń tẹ̀lé àwòrán lẹ́tà. Ó yá ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló bá a wá. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ wa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa kọ̀ jálẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, a ó fi irin ìfín sàmì sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ẹni tí a ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, a kò tíì yẹ́ ẹ sí.

Ní 1985 tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes gba Challenge Cup, tí wọ́n sì tún gbà á ní 1987, gbogbo ẹgbẹ́ àdúgbò láti Ìbarà dé Lafẹ́ńwá ló fẹ́ ife tirẹ̀. Owó náírà sì ti ń já wálẹ̀, ife fàdákà kò wọlé mọ́. Igi la gbájú mọ́. A ń ra tíìkì, irú èyí tí wọ́n ti gbìn sígbó ìjọba ní Olókèméjì láti ayé Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń gbẹ́ Olúmọ sórí rẹ̀, torí kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tó fẹ́ pátákó tí kò ní Olúmọ lára. Ní 1986, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel, inú mi dùn láti gbọ́ pé wọ́n fín orúkọ ẹni tó gbà á sára àmì-ẹ̀yẹ wúrà náà. Bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lónìí, àwọn ọmọ tó wà ní Panṣẹ́kẹ́ ń fi léésà kọ dígí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́tà wọn mọ́, àmì ìsàlẹ̀ sì pé. Mo yìn wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé olúkúlùkù ń gbé tirẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ yìí gba ike aláwọ̀ wúrà lọ́dún yìí, tọ̀hún gba òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí èyí tó mọ orúkọ ìkejì. Ife Àgbáyé tí gbogbo ayé ń jà lé lórí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ti gbà á láti 1974 sí, kì í sì í kúrò lọ́wọ́ àjọ FIFA. Kí ló dé tí àwa fi jáwọ́?

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé apata àtijọ́ kan wá bá mi láti ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí. Ọwọ́ mi wà lára ọ̀pọ̀ idẹ tó wà níbẹ̀. Igi rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀, àyè sì ti tán lójú rẹ̀, nítorí náà mo ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ fún un. Láti 1989 títí dé 1993 ni kò sí orúkọ kankan. Wọ́n sáré, ẹnìkan borí, kò sẹ́ni tó gbé e wá fún kíkọ. Mo ti ní kí wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti gé idẹ márùn-ún sílẹ̀, ọdún nìkan ni mo tíì kọ sí wọn.