Ìṣẹ́jú Márùnlélógójì ní Gbẹrẹfu

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ní kí a péjọ síwájú ilé ìwé wa ní Ajáh. Mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, mo sáré débẹ̀, mo rò pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kò tíì dé. Nígbà tó máa fi dé, aago mẹ́jọ ti lù, awakọ̀ sì ní òun ṣì fẹ́ lọ ra epo. Àwa ọmọ kíláàsì SS2 là ń lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé náà. A fẹ́ wo erékùṣù Gbẹrẹfu, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́, kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ yóò mọ ohun tí ojú wa rí. Àgbádárìgì wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, lápá ẹnubodè Benin. Ìlà oòrùn ni àwa wà. Gbogbo ìlú Èkó ló wà láàrin. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Jákàńdè, ó tún mú wa ní Orílé, nígbà tí a sì dé Mile 2 a dúró pẹ́ débi pé àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ ra gààrí àti ẹ̀pà. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Marina sí Mile 2 ní ọdún 2023 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń wò wá bí ẹni ń wo ẹran nínú àgò. Aago méjì ọ̀sán kọjá kí a tó wọ Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì la ti wò ó. Olùkọ́ wa kàn nawọ́ sí i ni.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì náà. Ègùn ni màmá mi. Àjárá, nítòsí Àgbádárìgì, ni wọ́n bí i sí. Ará Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, orúkọ rẹ̀ ni mò ń jẹ́, Yorùbá la sì ń sọ nílé. Ní kíláàsì wa, bí ẹnì kan bá wọ aṣọ tí kò bá ara wọn mu, tàbí tó sọ̀rọ̀ tí ahọ́n rẹ̀ lọ́, wọ́n á ní, "Wo Ègùn yìí!" Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mo sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyá àgbà mi ní Àjárá kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n wà láyé, bí a bá dé ilé wọn, a kò ní tíì kí wọn tán tí wọ́n á ti gbé omi wá. "Wá nu sìn." Ìyẹn ni wá mu omi. Àlejò kan kì í jókòó nílé wọn láìkọ́kọ́ mu omi. Nínú gbogbo èdè Ègùn, gbólóhùn yẹn ni mo mọ̀, òun àti kúàbọ̀, tó fẹ́ jọ káàbọ̀ tiwa.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà, a wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọkọ̀ kò gbà wá tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó tún padà lọ kó àwọn yòókù. Ọlọ́kọ̀ ti sọ pé òun kò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ kọjá ọ̀sà nínú òkùnkùn. "Ìṣẹ́jú márùnlélógójì lẹ ní o!" Bí olùkọ́ wa ṣe ń pariwo nìyẹn kí ẹsẹ̀ wa tó kan ilẹ̀.

Arákùnrin tó ń fi wá mọ̀nà ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn Ègùn, bí màmá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ lẹ́yìn. Ẹ̀rín pa wá. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ẹnì kan ní ibẹ̀ ti jù sóko jù. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé ilẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí tiwa rárá. Gbẹrẹfu wà láàrin ọ̀sà àti òkun, Ajáh náà wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Irú iyanrìn kan náà ni, irú igi àgbọn kan náà. Ohun tí a fi jù wọ́n lọ ni ilé gogoro àti gosiló.

Ẹsẹ̀ la fi rìn nínú iyanrìn gbígbóná lọ sí ìhà òkun. Lójú ọ̀nà ni kànga kan wà. Arákùnrin náà ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi inú rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n má bàa jà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà ní 1807, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ ní Àgbádárìgì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Mo fẹ́ bi í pé àwọn wo ló ń bu omi náà fún wọn. Olùkọ́ wa ti ń pàtẹ́wọ́: "Ẹ yára, ẹ yára!"

Okùn bàtà mi já. Mo gbé e lọ́wọ́, iyanrìn ń jó mi lẹ́sẹ̀, mo wá di ẹni ẹ̀yìn. Ìyá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń to ẹja sórí àwo. Wọ́n wò mí, wọ́n rí bí mo ṣe ń mí hẹlẹ. Wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n nà án sí mi.

"Wá nu sìn."

Mo dúró. Ó dà bíi pé ẹnì kan pè mí láti inú ilé ìyá àgbà mi. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ife náà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan bojú wẹ̀yìn tó sì kígbe pé, "Má mu ún o! Wàá gbàgbé orúkọ ẹ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìyá náà sọ, mo sì sáré bá wọn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ife náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Létí òkun, a ya fọ́tò. Kò sí ohun mìíràn tí a ṣe. Kíláàsì tò, wọ́n yà wá, àwọn ọmọbìnrin tún tò, lẹ́yìn náà ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá ibi tí yóò ti ya tirẹ̀, títí olùkọ́ wa fi ní àkókò ti tó. N kò sí nínú fọ́tò kankan, mo lọ ń fi okùn so bàtà mi. Bí a ṣe ń padà, mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dáadáa. Àwo ẹja wà níbẹ̀. Ìyá náà kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí àyè láti dúró.

Mo ṣírò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì: àkókò tí a lò ní Mile 2 nìkan nígbà tí à ń lọ ju èyí tí a lò ní Gbẹrẹfu lọ.

Aago mọ́kànlá òru ku díẹ̀ nígbà tí mo délé. Màmá mi kò tíì sùn. Wọ́n bi mí pé kí ni mo rí. Mo sọ ti kànga, mo sọ ti òkun. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé ìyá kan ní kí n wá nu sìn.

Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé o mu ún?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"À ń kánjú ni."

Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ kíṣìnnì, mo gbọ́ ìró omi, wọ́n sì gbé ife kan jáde. Wọn kò gbé e sórí tábìlì. Wọ́n dì í mú níwájú mi, wọ́n sì sọ ọ́ bí ìyá àgbà ṣe máa ń sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo fẹ́ dúpẹ́ ní èdè Ègùn, àfi bí mo ṣe rí i pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo bi wọ́n.