Oògùn Ọgbẹ́ Inú Lórí Káńtà Mi

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní Ifẹ̀, kí wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe yunifásítì náà ní 1987, ásíìdì ni ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè nípa ọgbẹ́ inú. Láti 1910 ni Karl Schwarz ti fi í lélẹ̀ pé níbi tí ásíìdì kò bá sí, ọgbẹ́ kò lè sí. Wọ́n ní ìrònú àti ata ló ń mú ásíìdì pọ̀ nínú àpòlúkù. Àwọn ará ilé wa fi àìjẹun lásìkò kún un, wọn ò sì tíì yọ ọ́ kúrò dòní.

Iṣẹ́ tiwa ni ká pa ásíìdì náà. Mist Mag la máa ń pò: magnesium trisilicate, magnesium carbonate àti sodium bicarbonate, ìwọ̀n kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó bomi sí i, a ó fi minti sí i kó lè ṣeé mu. Àwọn aláìsàn á gbé ìgò wá láti ilé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ máa ń sílẹ̀ sí ìdí ìgò, ẹni tí kò bá sì gbọ̀n ọ́n dáadáa, omi minti lásán ló máa mu títí ìgò á fi kù díẹ̀. Mo fẹ́ràn oògùn yẹn. Kò wọ́n, ó tètè ń mú ara rọni, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, inú á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta.

Tagamet ló kọ́kọ́ sọ Mist Mag di oògùn mẹ̀kúnnù. Inú rẹ̀ ni cimetidine wà, èyí tí James Black àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó sì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Zantac, tí ranitidine wà nínú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1981. Dípò kí wọ́n pa ásíìdì tó ti jáde, ńṣe ni wọ́n ń dá àpòlúkù lẹ́kun pé kó má ṣe é jáde púpọ̀. Ọgbẹ́ ń jinná, iye àwọn tí wọ́n ń gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ sì dín kù. Black gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá dá oògùn dúró, ọgbẹ́ púpọ̀ nínú wọn á tún padà kí ọdún tó yípo. Kí n sọ ọ́ bí oníṣòwò: oníbàárà tí ara rẹ̀ ń yá tí àìsàn rẹ̀ kì í tán, kò sí irú rẹ̀. Zantac di oògùn tó tà jù lọ lágbàáyé.

Àárín ìgbà yẹn náà ni ìdáhùn ti wà nílẹ̀ ní ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ní 1979, Robin Warren, dókítà tó ń fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹran ara wò ní ilé ìwòsàn Royal Perth, rí àwọn kòkòrò kéékèèké tí ara wọn wọ́ lára àpòlúkù tó wú. Ohun tí wọ́n fi kọ́ gbogbo dókítà ni pé kòkòrò kan ò lè gbé nínú ásíìdì ibẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ní 1981, ọ̀dọ́ dókítà kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ mú kòkòrò náà hù nínú àwo, kò hù. Àṣà ilé àyẹ̀wò ni pé wọ́n máa ń da àwo tí nǹkan ò bá hù nínú rẹ̀ nù lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Nígbà ìsinmi Àjíǹde 1982, kò sẹ́ni tó ráyè da tiwọn nù. Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé, kòkòrò ti hù. Sùúrù ló ń fẹ́.

Marshall gbìyànjú láti kó o ran ẹlẹ́dẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ní 1984 ó da kòkòrò náà sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e mu láìsọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń bì, ẹnu rẹ̀ ń rùn, nígbà tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, àpòlúkù tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti wú, kòkòrò ti kún un. Kì í ṣe ọgbẹ́ ló ní o; àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń ṣì í sọ níbẹ̀. Òun àti Warren gba Nobel ní 2005. Ó sàn fún wọn ju John Lykoudis lọ, dókítà ará Gíríìsì tó ti ń fi oògùn apakòkòrò wo ọgbẹ́ inú láti 1958, tí wọ́n bu owó ìtanràn lé lórí.

Helicobacter pylori ni kòkòrò náà ń jẹ́ láti 1989. Bó ṣe ń yè nínú ásíìdì ló wú apòògùn bíi tèmi lórí. Ó ní èròjà kan, urease, tó ń fọ́ urea sí amóníà àti carbon dioxide. Amóníà yìí ló fi ń pa ásíìdì tó yí i ká. Ẹ ò rí i pé ó ń po Mist Mag tirẹ̀! Yóò wá wọnú ikun tó bo ara àpòlúkù, ara ibẹ̀ á wú, ásíìdì á wá parí iṣẹ́ tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀. Schwarz kò ṣìnà pátápátá.

Ìròyìn náà pẹ́ kó tó dé káńtà. Ọdún 1994 ni ìpàdé àwọn àgbà oníṣègùn ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé oògùn apakòkòrò ló tọ́ sí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú àti kòkòrò yìí. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé fi kòkòrò náà sára àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Báyìí ni omeprazole tó ń dín ásíìdì kù, àti apakòkòrò méjì, amoxicillin àti clarithromycin, ṣe di ẹlẹ́ẹ̀mẹta tí à ń tà pọ̀. Ẹni tí kòkòrò bá kú nínú rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà padà mọ́. Zantac ní tirẹ̀ ti kógbá sílé: ní 2020, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó ranitidine kúrò lórí igbá nítorí èròjà olóró kan tó ń jẹ yọ nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí à ń bára wa sọ ní ṣọ́ọ̀bù:

“Dókítà, ẹ fún mi ní omeprazole mẹ́rin àti káàdì Flagyl kan.”

“Màmá, ta ló kọ ọ́ fún yín?”

“Ìyá Sùlé ni. Òun náà ló lò.”

Oògùn ọlọ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń rà ní ìwọ̀nba owó tó wà lápò lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni agbára oògùn ti ń bàjẹ́. Apakòkòrò ni Flagyl náà, òun la sì ti ń tà fún gbogbo inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru láti ọdún gbọọrọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kòkòrò yìí ní Áfíríkà ò fi bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Mi ò ní sọ pé aláìsàn ló jẹ̀bi. Àwa tí à ń já káàdì sí méjì ni.

Àyẹ̀wò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀, tó pọ̀ jù ládùúgbò, kò ju pé ó ń sọ pé èèyàn ti pàdé kòkòrò yìí rí. Ní Nàìjíríà, láti kékeré ni púpọ̀ nínú wa ti pàdé rẹ̀, ọgbẹ́ ò sì dá sí inú ọ̀pọ̀ wa. Ti èémí tàbí ti ìgbẹ́ ló ń sọ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, kìkì pé kí èèyàn ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó lo apakòkòrò kẹ́yìn. Kòkòrò nìkan kọ́ sì ni: ibuprofen, diclofenac àti piroxicam tí à ń rà fún ara ríro ń dá ọgbẹ́ sínú ẹni tí kò ní kòkòrò rárá. Ẹ sọ fún apòògùn yín bí ẹ bá ń lò wọ́n.

Ẹni tó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ ń há lọ́nà ọ̀fun, tó ń rù láìnídìí, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú tó sì ń lẹ̀ láìjẹ́ pé ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí bismuth, ẹ jọ̀wọ́, kó má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.