Ẹyin Ìyá Àgbà àti Ẹyin Ṣọ́ọ̀bù

Bí ẹ bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí, ẹ ó gbà pé ẹyin ni ẹran akẹ́kọ̀ọ́. Èmi kì í sábà ra tèmi ní Àkúrẹ́. Ìyá àgbà mi ní ìlú Oǹdó ń sin adìẹ ìbílẹ̀. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ri ẹyin mọ́ inú gààrí kó má baà fọ́, màá sì gbé e wọ mọ́tò. Mo máa ń fi yangàn sí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń ra ẹyin àgíríìkì ní ṣọ́ọ̀bù. Màá ní, "Ẹyin tìrẹ ò ní adùn."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó bu omi sínú abọ́, ó ní ká dán an wò. Ẹyin ṣọ́ọ̀bù méjì sùn gbalaja sí ìsàlẹ̀. Nínú tèmi, ọ̀kan nàró, èkejì léfòó. Bí ẹyin bá ṣe ń pẹ́ sí i, omi inú rẹ̀ ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo jáde, afẹ́fẹ́ ń rọ́pò rẹ̀, ó sì ń fúyẹ́. A fọ́ èyí tó léfòó. Òórùn rẹ̀ lé wa jáde.

Mo ní ṣebí pupa ẹyin tèmi ló máa ń pọ́n jù. Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tí adìẹ jẹ ló ń fa ìyẹn: ewéko tútù, àgbàdo pupa. Kò sọ ọjọ́ tí wọ́n yé e.

Mo pe Ìyá Àgbà, mo fọgbọ́n béèrè ìgbà tí adìẹ yé ẹyin yẹn.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí o ti ní o ń bọ̀ ni mo ti ń kó o pamọ́ dè ọ́."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi ń sọ pé mo ń bọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ kì í yé púpọ̀; bó bá yé bíi mẹ́wàá, ó fẹ́ sàba nìyẹn. Síbẹ̀, wọn ò tà á, wọn ò sì jẹ ẹyọ kan níbẹ̀. N ò lè sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́.

Nísinsìnyí, tí mo bá fẹ́ ra ẹyin, mo máa ń béèrè ọjọ́ tí kíréètì náà dé, mo sì ń fi omi dán an wò nílé, ìbáà jẹ́ ti oko tàbí ti ṣọ́ọ̀bù. Mo tún ti bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n máa jẹ ẹyin wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Oǹdó kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Èmi ni kí n tètè máa lọ.